Ọkọ̀ Bàbá Kò Jò Mọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin bàbá wa ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ wọn ń jò, síbẹ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀ kò dín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tí kò bá tíì gbé pẹ̀lú ọkọ̀ àgbà lè má mọ ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkọ̀ náà fi wà lọ́wọ́ Bàbá. Kì í dákú sójú ọ̀nà, kì í dá wàhálà sílẹ̀, àmọ́ ibì kan wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ọ́ìlì ti máa ń yọ́ jáde. Kò pọ̀. Páálí kan wà lábẹ́ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, láàárọ̀ a máa ń bá ẹ̀kán márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí rẹ̀, dúdú, roboto. Iṣẹ́ awakọ̀ ni Bàbá fi tọ́ wa dàgbà, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún ibẹ̀ ṣe. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti dàgbà ju ohun tí à ń tú palẹ̀ lọ.

Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á jí láàárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan omi, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fa géèjì yọ, ìyẹn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọ́ìlì dé. Wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á kì í bọ ibẹ̀ padà, wọ́n á tún fà á yọ. Wọ́n á wá bu ọ́ìlì agolo kékeré kan láti inú kẹ́ẹ̀gì funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á dà á sí i. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á ká àkísà náà sí mẹ́rin, wọ́n á fi lé orí kẹ́ẹ̀gì. N kò rí i kí wọ́n fo ọjọ́ kan rí, àfi ìgbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí wọn. Aránṣọ ni mí, iyàrá iwájú nínú ilé wa ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Ojú mi máa ń tètè rí ohun tí kò bá ìwọ̀n mu, àbúrò mi ọkùnrin sì ti sọ ọ́ títí pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lálàáfíà. Tíṣà ni òun, òun ló ń gbé ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ lẹ́yìn tí Bàbá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo rí ẹ̀kán tuntun lórí páálí, mo sì rántí pé n kò tíì da nǹkan kan sínú ẹ́ńjìnnì yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Mo fa géèjì yọ. Ọ́ìlì kún dé ojú àmì rẹ́gí.

Mo bi àbúrò mi, ó ní òun rò pé èmi ni mò ń bù ú sí i. Èmi náà ti rò pé òun ni. A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kálukú ń wo ojú ẹnìkejì bóyá ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tí í sáré pe nǹkan ní iṣẹ́ òkú. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára aṣọ, mo fa ìlà sára kẹ́ẹ̀gì níbi tí ọ́ìlì dé, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí ìlà mi. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ti tó ìbú ìka kan. Àkísà wà lórí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ín ni.

Mo sọ fún àbúrò mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ pé kí a má jẹ́ kí Màámi gbọ́. Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Màámi ti máa ń sunkún ní ìdájí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ògiri kan ló wà láàárín wa, kò sì sí èyí tí n kì í gbọ́ níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fọ àpò ìrọ̀rí wọn, ṣe ni ó máa ń tutù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti jọ gbé fún ọdún mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rù tó sì ń bà mí ju gbogbo ẹ̀rù lọ ni pé kí Màámi má tẹ̀lé Bàbá. Mo ti sin òbí kan lọ́dún yẹn, n kò lágbára èkejì.

Mo rò ó pé bí ọkọ̀ náà kò bá jò mọ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á lọ sinmi. Bí mo ṣe pe Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ nìyẹn, mẹkáníìkì tó ti mọ Bàbá láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò rí i kó sáré rí, bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ó fi bẹntiróòlù fọ ara ẹ́ńjìnnì, ó nù ún títí tó fi gbẹ, ó wá bu páúdà funfun, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ọmọ lára, ó fọ́n ọn ká gbogbo ẹ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀, a dúró. Kò pẹ́ tí ìlà dúdú kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ gba inú funfun náà kọjá, láti abẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Ó ní gáskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ló ti gbẹ, rọ́bà tó ń dí àlàfo ni, iṣẹ́ kékeré ni.

Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun síbẹ̀. Mo rántí pé ó gbé èyí tó yọ lọ́wọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá ẹnìkan, kó tó wá jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Mo bi í bóyá nǹkan kan kù. Ó ní rárá, ó ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, páálí gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo kọrin nídìí ẹ̀rọ mi. Nígbà tí mo wá wo kẹ́ẹ̀gì, ọ́ìlì tún ti lọ sílẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀bi mi wà, n kò sì ní fi pamọ́. Mo rí i lọ́jọ́ kan, mo rí i lọ́jọ́ kejì, mo sì rí i bí géèjì ṣe ń ga sí i láràárọ̀. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́ jáde. Mo rò pé á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ léwu bí èyí tí kò tó, ṣùgbọ́n èmi kò mọ ìyẹn nígbà náà.

Ọjọ́ kejìdínlógún lẹ́yìn àtúnṣe náà ni àbúrò mi ń gun òkè kan lọ síbi iṣẹ́ tí èéfín búlúù bo gbogbo ọkọ̀. Ọ́ìlì bẹ́ jáde, ó dà sórí irin gbígbóná, iná sọ. Ó rí ilẹ̀kùn ṣí, ó bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń kọjá bá a fi iyanrìn paná, àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ ti jóná dé ìgúnpá. Nígbà tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tú ọ́ìlì náà sínú ike, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ó fi lítà kan lé díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bi wá, ohùn rẹ̀ kò sókè, pé ta ló ń da ọ́ìlì sínú ọkọ̀ tí kò jò mọ́.

Ó tún un ṣe, a sì tà á lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹni tó rà á gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ibi ìgbọ́kọ̀sí wá ṣófo. Mo fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ níbi tó wà. Ọkọ̀ ti lọ, mo rò pé kò sí ohun tí ọ́ìlì tún fẹ́ ṣe.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ́ìlì kò yẹ̀ lójú ìlà tuntun tí mo fà. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ́ìlì lọ sílẹ̀, agolo kékeré kan. Mo dúró níbi tí ọkọ̀ máa ń wà, mo ń wo ilẹ̀ gbígbẹ, mo ń bi ara mi pé kí ló tún ń jò nínú ilé yìí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màámi ṣíwọ́ ẹkún. Mo gbé etí lé ògiri ní ìdájí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò mi ní Ọlọ́run ti tù wọ́n nínú, èmi náà sì ṣe àmín, torí ohun tí mo ti ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹun mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ti yó. Lọ́jọ́ kẹta, wọn kò lè dìde jókòó fúnra wọn. Mo fẹ́ gbé wọn sókè, wọ́n wúwo ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ẹran ara wọn ti lọ tán. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ládùúgbò wá wò wọ́n, ó ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe wọ́n, kí n máa fún wọn ní nǹkan olómi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi aṣọ tútù nu ojú wọn. Nígbà tí mo dé igun ẹnu, aṣọ náà dúdú. Mo gbé e sí imú. Ọ́ìlì ọkọ̀ ni.

Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ.

“N kò jẹ nǹkan kan,” ni Màámi wí. “Bàbá yín ló ń fún mi.”

“Bàbá wo, Màámi?”

“Bàbá yín. Wọ́n ní mò ń jò. Wọ́n ní kí n la ẹnu.”

Ohùn wọn balẹ̀. Ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tó ń retí àlejò. Mo sọ fún wọn pé wọn kò sunkún mọ́, pé kò sí ohun tó ń jò mọ́. Wọ́n ní kí làwọn á tún máa sunkún fún, nígbà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá.

Mo jáde, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà, mo da gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ nù, mo jù ú sí ààtàn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá ìgò ọ́ìlì tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ mi lórí tábìlì, ó ṣófo, ìdérí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ wà lẹ́nu Màámi. Mo sá lọ sí ilé ìdáná. Kòròbà kẹrosíìnì wà lábẹ́ tábìlì níbi tí mo gbé e sí, ó ṣì kún, ṣùgbọ́n àkísà Bàbá ti wà lórí rẹ̀, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ti ọ̀la ni wọ́n ti ṣètò sílẹ̀.

Mo gbé kẹrosíìnì lọ sílé aládùúgbò wa. Mo kó epo tí à ń fi dáná, mo kó ọṣẹ olómi, mo kó gbogbo ohun tó lè ṣàn nínú ilé tó bá ti yàtọ̀ sí omi. Bí mo ṣe ń kó wọn ni mo mọ̀ pé asán ni. Ẹni tó bá fẹ́ bu nǹkan sí nǹkan kò ní ṣàìrí ohun tó máa bù. Àbúrò mi ní kí a gbé Màámi kúrò nínú ilé. Wọ́n di igi ibùsùn mú, wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni mo lọ. N kò mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún tí kò ní máa wò mí tìyanutìyanu. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu irin kan tó wà níwájú rẹ̀ títí, ó wá ní òun ló jẹ̀bi.

“Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí,” ó ní, “bí mo bá yọ nǹkan kúrò lára ọkọ̀, mo gbọ́dọ̀ fi lé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́. Kó fojú rí i pé mo ti yọ ọ́, pé iṣẹ́ ti parí. Ti bàbá rẹ nìkan ni n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo yíká, n kò rí wọn, mo jù ú nù.”

Ó ní kò sí ẹni tó fi hàn wọ́n pé ọkọ̀ náà kò jò mọ́. Awakọ̀ ni wọ́n, ohun tí wọn kò bá fojú ara wọn rí, wọn kò ní gbà á gbọ́, bí èèyàn tilẹ̀ búra. Mo bi í pé kí ni kí n wá fi hàn wọ́n báyìí. Ó ní kí n fi ibi tó ti gbẹ hàn wọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi àpò ìrọ̀rí funfun tuntun sí ìrọ̀rí Màámi. Ní ìdájí, mo yọ ọ́ lábẹ́ orí wọn, kò sí ẹ̀kán omijé kan lára rẹ̀, mo gbé e lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí. Ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Mo tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ mi méjèèjì, mo nà án síwájú bí ẹni tó ń fi aṣọ han oníbàárà, mo sì kúnlẹ̀.

Ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀ wá sọ́kàn mi níbẹ̀. N kò tíì bá Bàbá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Bí mo ṣe fẹ́ pe orúkọ wọn ni omi ń gun ojú mi bọ̀, mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀kán kan bá já sórí aṣọ yìí, wọ́n á rí i. Bí ó bá já sílẹ̀ pàápàá, wọ́n á mọ̀ pé èmi náà ń jò. Mo ti eyín mọ́ ètè títí tí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, mo gbé ẹ̀jẹ̀ náà mì.

“Bàbá,” mo ní, “ẹ wò ó. Ó ti gbẹ. Kò jò mọ́. Ẹ kú iṣẹ́, iṣẹ́ ti parí.”

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Òórùn ọ́ìlì àti ti aṣọ iṣẹ́ wọn ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi wúwo díẹ̀, ìka méjì sì rọra wọ́ kọjá lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wọ́ ọ lára géèjì kí wọ́n tó gbà pé ó mọ́. Mo rí i bí aṣọ náà ṣe ń tẹ̀, tó sì ń padà. N kò mí. Ìka náà tún wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ìwúwo náà kúrò, mo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí lọ́wọ́ títí oòrùn fi yọ, ẹ̀rù ń bà mí láti pajú.

N kò sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò sì tíì sunkún títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ iyàrá Màámi lọ. Ẹnu wọn mọ́. Mo fi aṣọ funfun nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi, mo ní kí n lọ po ẹ̀kọ wá fún wọn, bóyá wọ́n á lè gbé díẹ̀ mì. Wọ́n la ojú sílẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èmi.

“Wọn ò wá,” ni Màámi wí.

Mo ní wọ́n ti lọ sinmi.

“Kí lo sọ fún wọn?”

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àpò ìrọ̀rí, mo sọ ti ìka méjì, mo ní mo sọ fún wọn pé Màámi kò jò mọ́. Inú kò bí wọn. Ì bá sàn fún mi ká ní inú bí wọn.

“O ò bi mí,” ni wọ́n wí.

Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe irú èyí tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Èyí ga, ó ń jáde létòlétò, bí ẹni tó ń pe ẹnìkan tó ti rìn jìnnà. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú mi, kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́, wọ́n gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, wọ́n tẹ́tí sí ìhà ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé orí padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.